Ẹ Bi Bàbá Leyton: Owó Ìfẹ̀yìntì, Ìbò àti Bọ́ọ̀lù

Ohun tí mo kọ lóṣù tó kọjá ló fa ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wọlé yìí. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ mi kan, òyìnbó tó ń pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, tí èmi àti ẹ̀ jọ máa ń lọ wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leyton Orient. Mo ní ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun tí òun ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ Labour látìgbà tí òun ti tó ìbò dì, òun ò ní dì í fún wọn mọ́ nítorí ohun tí wọ́n fi ojú àwọn arúgbó rí. Àwọn kan nínú yín wá ń bi mí pé kí ló kan ará Abẹ́òkúta nínú owó ìfẹ̀yìntì òyìnbó. Ó kàn wá o. Láti Ìbarà títí dé Ìdí-Àbà, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ sìn wọ́n lọ́hùn-ún, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sìn wọ́n lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Fún ẹni tí kò bá tíì mọ̀ mí: bọ́ọ̀sì ni mo wà ní London títí mo fi fẹ̀yìn tì, Leyton ni mo gbé, Ìbarà ni mo wà báyìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Bàbá wa ṣiṣẹ́ ní London fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó padà wálé. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ọ̀hún ń san fún wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé sí i látìgbà náà. Àbúrò wọn tó ṣì wà lọ́hùn-ún ní tòun ń lé lọ́dọọdún. Bàbá ti wá ń fura pé ẹnì kan ní báńkì ló ń yọ nínú ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ọmọbìnrin kan, Òkè-Ìlewò)

Ọmọ mi, bá mi sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n má fura sí ẹnikẹ́ni ní báńkì. Kò sẹ́ni tó jí i. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló so ó mọ́lẹ̀ síbi tó wà. Ẹni tó bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba wọn, tó wá kó lọ sí orílẹ̀-èdè tí kò bá wọn ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, iye tó ń gbà lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀ náà ni yóò máa gbà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Kánádà wà níbẹ̀, Ọsirélíà wà níbẹ̀, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kó lọ sí Amẹ́ríkà, Jàmáíkà, Barbados tàbí Philippines, tirẹ̀ yóò máa lé bí ti ẹni tó dúró sí London.

Jẹ́ kí n fi owó ṣe é kó lè yé ọ. Lọ́dún 2013 tí mo padà wálé, £110.15 lọ́sẹ̀ ni ẹni tó bá pé ọdún iṣẹ́ ń gbà gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì ìpìlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2025, irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó jókòó sí Leyton bẹ̀rẹ̀ sí í gba £176.45. Ìyàtọ̀ £66.30 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Tó bá pé ọdún, ó ti lé ní £3,400. Iye ti 2013 yẹn ni èmi ń gbà títí dòní. Lóòótọ́, náírà ti já wálẹ̀ débi pé pọ́n-ùn kan náà ń di náírà púpọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé à ń jayé. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń rà ní Kútọ̀, òkè òkun ló ti ń wá, òun náà ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tí a jọ ṣiṣẹ́, ọmọ Jàmáíkà ni. Gáréèjì kan náà la ti ń gbé bọ́ọ̀sì jáde. Nígbà òtútù, aago mẹ́rin ìdájí la ti máa ń wà níbẹ̀, a ó máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ yọ́ yìnyín lára gíláàsì. Bí wọ́n ṣe ń yọ National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, nínú owó tirẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú tèmi. Òun padà sí Kingston, èmi padà sí Abẹ́òkúta. Tirẹ̀ ń lé, tèmi dúró gbagidi. Nígbà tí wọ́n ń yọ owó yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè pé ilẹ̀ wo ni wọ́n máa sin wá sí.

Ohun tí ìjọba wọn ń sọ, ti Conservative àti ti Labour bákan náà, ni pé yóò ná àwọn lówó jù, àti pé ibi tí àdéhùn bá wà nìkan ni àfikún máa ń dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Annette Carson, tó kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà dé House of Lords, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ nígbà náà, ó pàdánù níbẹ̀ ní 2005. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg, ó tún pàdánù ní 2010. Látìgbà náà ni mo ti gbà pé ọwọ́ lọ́yà kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà mọ́, ọwọ́ òṣèlú ló wà. Àwọn tí òfin yìí mú ju 450,000 lọ káàkiri ayé, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún wọn, International Consortium of British Pensioners. Kí bàbá rẹ kọ̀wé sí wọn.

Ohun méjì tó kù tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá lọ kí àbúrò wọn ní London, wọ́n lè béèrè iye òde òní fún ìwọ̀nba àsìkò tí wọ́n bá fi wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti padà dé, yóò padà sí ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ṣì wà láàyè, tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí àwa tó wà lókè òkun. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìwé yẹn ṣeré. Ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun rí ọ lójúkojú. Àwọn mìíràn ti fi í sórí fìríìjì, wọ́n gbàgbé ẹ̀, owó sì dúró. Lọ́jọ́ tí tèmi bá dé ni mo máa ń gbé e tọ dókítà kan lọ, n ó jókòó tì í títí yóò fi kọ orúkọ rẹ̀ tán, n ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù kí n tó fi ránṣẹ́.

Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB ni mí, Arsenal sì ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ràn ìtàn bọ́ọ̀lù tí ẹ máa ń kọ, àmọ́ kí ló dé tí ẹ kì í lè kọ ọ́ kí òṣèlú má bọ́ sínú ẹ̀? Àti pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó wà ní London, kí ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ Orient?

Ọmọ mi, ẹ̀yin Arsenal yìí lẹ lù wá ní 3-0 ní Stamford Bridge ní 1978, nígbà tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ká dé Wembley fún àṣekágbá ife ẹ̀yẹ FA. Ó ṣì ń dùn mí. Kí ẹ tó lù wá, a ti lé Norwich dànù, a ti lé Chelsea dànù, Peter Kitchen ló gbá gọ́ọ̀lù méjèèjì wọlé Chelsea nílé wọn.

Ọ̀rẹ́ mi apínlẹ́tà ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Orient. Òpópónà wa wà lára ibi tó ti ń pín lẹ́tà, ibẹ̀ la ti mọra. Ó ní kí n wá wo ọmọ dúdú kan tó ń jẹ́ Laurie Cunningham, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Jàmáíkà wá. Mo lọ. Cunningham a gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, a dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó gbé ẹsẹ̀, ó ti lọ. Láti inú èrò, àwọn kan ń bú u, wọ́n ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú pápá. Kò dá wọn lóhùn. Ó lọ sí West Bromwich ní 1977, ó lọ sí Real Madrid ní 1979, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Madrid ní 1989. Wọ́n ti mọ ère rẹ̀ sínú ọgbà kan nítòsí pápá Orient báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Chiedozie dé, ọmọ tí wọ́n bí sí Owerri, òun àti Tunji Banjo, àwọn méjèèjì ló sì wá gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Fojú inú wò ó: èmi ọmọ Ẹ̀gbá, nínú òjò ìlà-oòrùn London, tí òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pariwo “Banjo! Banjo!” O tún ń bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀.

Ní ti òṣèlú, èmi kọ́ ni mo tì í bọ bọ́ọ̀lù. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ní ẹnu ọ̀nà pápá kan àti òmíràn láyé ìgbà yẹn, àwọn National Front, ẹgbẹ́ tó ní kí wọ́n lé gbogbo àwa dúdú jáde, ń ta ìwé ìròyìn wọn fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1989, èrò tẹ àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool pa ní Hillsborough. Àwọn tó bá a lọ jẹ́ 97. Àwọn ọlọ́pàá àti ìwé ìròyìn purọ́ mọ́ àwọn òkú náà pé ọtí ló pa wọ́n. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni àwọn ìyá àti bàbá fi ń ti ilé ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kí ìgbìmọ̀ tó sọ ní 2016 pé wọ́n pa wọ́n lọ́nà àìtọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí yẹn ti fẹ̀yìn tì kí ẹjọ́ tó parí, àwọn mìíràn ti kú. Ta ló máa sọ fún wọn pé bọ́ọ̀lù lásán ni?

Ní ti Orient gan-an, ní 2014, ọmọ Ítálì kan tó lówó, Francesco Becchetti, rà wá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo la fi pàdánù ìgbéga sí ìpele kejì lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a ti já bọ́ kúrò nínú Líìgì pátápátá, àwa tí a ti wà nínú ẹ̀ fún ọdún 112. Olùkọ́ni kan ń wọlé, òmíràn ń jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ò rí owó oṣù wọn gbà lásìkò. Ọ̀rẹ́ mi sunkún lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Kò sunkún nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Lóòótọ́ a padà sínú Líìgì ní 2019 lábẹ́ àwọn tó ra ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n yọ Bury dànù nínú Líìgì nítorí àìlówó, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1885. Àwọn àgbàlagbà tó ti ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré ló kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin wọn, tí wọ́n dúró tì í, títí òfin tó gbé alábòójútó tó dá dúró kalẹ̀ fún bọ́ọ̀lù fi kọjá ní oṣù keje 2025. Òfin ni, ilé ìgbìmọ̀ ló ṣe é.

Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń fọwọ́ kan àpò àwọn àgbà náà. Ní oṣù kẹta 2024, Tottenham kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún tí wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù fún ẹni ọdún 65 sókè kò ní sí fún ẹni tuntun mọ́, àti pé ti àwọn tó ti ní i tẹ́lẹ̀ náà yóò máa dín díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti ń san owó sí ẹgbẹ́ kan láti ìgbà tó wà ní iléèwé, tó wá dé ìgbà tó ń ka owó rẹ̀ kó tó jáde nílé, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n rántí pé ó ń gba ẹ̀dínwó. Mi ò fẹ́ràn Tottenham, ṣùgbọ́n inú bí mi fún wọn.

Bi bàbá rẹ léèrè nípa Abiola Babes tiwa níbí. Ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà ní 1985, tí wọ́n tún gbà ní 1987! Abẹ́òkúta ò sùn. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń gbé sọ́wọ́, kò pẹ́ tó fi máa ń parẹ́. Kò sí wọn mọ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ “owó òtútù” tí ẹ mẹ́nu bà lóṣù tó kọjá kò yé mi dáadáa. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn arúgbó? Kí lẹ sì rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ wa Kemi Badenoch lórí owó ìfẹ̀yìntì? (Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹjà)

Ẹ kú àárò ọjọ́, Tíṣà. Láti 1997 ni ìjọba wọn ti ń fún àwọn arúgbó lówó díẹ̀ lọ́dọọdún láti fi ra gáàsì àti iná nígbà òtútù; nígbà tó fi di 2024, £200 ni fún ìdílé, £300 bí ẹnì kan níbẹ̀ bá ti tó ọgọ́rin ọdún. Olówó ń gbà á, tálákà ń gbà á. Ní oṣù keje 2024, kò tíì pé oṣù kan tí Labour wọlé, Rachel Reeves tó ń mójú tó ìṣúná ní kìkì àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ àwọn aláìní ló máa kàn mọ́. Àwọn tó ń gbà á já láti bí mílíọ̀nù mọ́kànlá sí mílíọ̀nù kan àbọ̀. Wọ́n fìdí rẹmi gidigidi nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Ní oṣù kẹfà, wọ́n yí i padà: gbogbo ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju £35,000 lọ yóò gbà á.

Ọ̀rẹ́ mi ní i padà, kò sì dárí jì wọ́n. Ó ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó òun ń gbé nínú ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn yòókù kí ooru má baà jáde, wọ́n ń wọ kóòtù jẹun. Ẹni tí kò bá tíì gbé ibẹ̀ kò lè mọ̀ bí òtútù ṣe máa ń wọnú egungun àgbàlagbà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ìkà ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Ibi tí a kò ti gbà pẹ̀lú ara wa ni pé ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun láé, èmi sì ní ọlọ́rọ̀ tó ní ilé mẹ́ta kò nílò £200 ìjọba.

Ní ti Kemi, ọmọ Yorùbá tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní 2024: láti 2011 ni wọ́n ti ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní triple lock. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń wo bí ọjà ṣe gbówó lórí tó, wọ́n á wo bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lé tó, wọ́n á sì wo ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú mẹ́ta ni wọ́n á fi kún owó ìfẹ̀yìntì. Ìdá 10.1 ló jẹ́ ní 2023, 8.5 ní 2024, 4.1 ní 2025. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n bi Kemi lórí rédíò nípa rẹ̀, ó ní àwọn máa wo bí a ṣe lè máa fi àìní oníkálukú wọn ohun tó máa gbà. Ariwo ta. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe pé àwọn fẹ́ pa ìlànà náà rẹ́. Ọmọ wa ni, inú mi sì dùn lọ́jọ́ tó di olórí ẹgbẹ́ ńlá yẹn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn lórí èyí. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi arúgbó pé kó fi àìní rẹ̀ hàn kó tó gba ohun tó ṣiṣẹ́ fún, àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni ojú máa tì láti lọ kọ fọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ ìyá kan ní òpópónà wa tó kú nínú ilé tútù, ìwé ìrànwọ́ tí kò kọ sì wà nínú àpótí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wọn náà lẹ́jọ́ o. Owó ilé ń jẹ wọ́n run, àwọn ló sì ń san owó tí àwa ń gbà, nítorí kò síbi tí wọ́n kó owó ti àwa pa mọ́ sí. Ohun tí àwa san nígbà tiwa, àwọn arúgbó ìgbà náà ló jẹ ẹ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn náà ń bọ̀ wá dàgbà, bí wọ́n bá sì fọ́ ìlànà yìí lónìí, àwọn gan-an ni kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá, ọmọ mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Ó ní òun máa padà wálé láìpẹ́. Ṣé ó máa rí nǹkan kan gbà? (Màmá Ìbejì, Àsẹ̀rò)

Màmá, kò tíì tó. Ọdún mẹ́wàá ti National Insurance ló kéré jù kó tó lè rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ọdún 35 sì ni fún iye kíkún. Ọdún 66 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á títí di oṣù kẹrin 2026, láàárín 2026 sí 2028 ló sì ń sún lọ sí 67. Kí ó wọ ìkànnì ìjọba, gov.uk, yóò rí iye ọdún tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń yọ owó, wọn kì í fi ránṣẹ́.

Owó kejì tún wà, èyí tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń yọ fún un. Ẹni tó bá ti pé ọdún 22, tó ń gbà ju £10,000 lọ́dún, dandan ni kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló kéré jù, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san ó kéré tán mẹ́ta nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń fọwọ́ sí i pé àwọn ò ṣe, kí owó ọwọ́ wọn lè pọ̀ díẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má dán an wò. Bó bá fi ọdún mẹ́ta péré ṣe é, tirẹ̀ ni, bó bá sì padà sí Àsẹ̀rò, òfin tó so tèmi mọ́lẹ̀ kò kan owó yẹn.

Ẹ̀yin ń sunkún lórí £110. Mo fi ọdún 35 ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ìjọba níbí. Iye tí mò ń gbà lóṣù kò ra àpò ìrẹsì. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wa? (Nọ́ọ̀sì àgbà, Àdátán)

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka lẹ́tà yín, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Òótọ́ lẹ sọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ ní lọ́wọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, orí 210, ẹsẹ kẹta, sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ṣe, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Orí 173 sọ ohun kan náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òyìnbó tó kọ̀ láti fi kún tèmi ní òfin lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fi kún tiyín kò ní òfin kankan lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé ₦70,000 ní oṣù keje 2024, ẹnu ọ̀nà òfin yẹn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Kí àwọn ẹgbẹ́ yín ka orí 210 sókè ní gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá bá ìjọba ṣe, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára pátákó tí wọ́n ń gbé lọ sí Òkè-Mosàn, ibi tí ọ́fíìsì gómìnà wà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ ti to ìlà fún àyẹ̀wò, wọ́n ti ní kí ẹ padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn ìyá wa pé wọn ò lè bá ọba àti òyìnbó jà lórí owó orí. Wọ́n tẹ̀ lé Funmilayo Ransome-Kuti, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n ń kọrin, wọn ò lọ sílé. Aláké kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà, ẹ sì ní òfin lọ́wọ́.

Fún àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń san ìdá mẹ́jọ tí agbanisíṣẹ́ sì ń san mẹ́wàá: ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ owó yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí ẹ bá rí oṣù tí agbanisíṣẹ́ kò san, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì pariwo lọ́dún yẹn. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹni tó yẹ kó dáhùn ti lè kúrò níbẹ̀.

Bàbá, èmi náà fẹ̀yìn tì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ní ìwé ọmọ ìlú wọn. Mo ti pé ogún ọdún nílé. Wọ́n ní mi ò lè dìbò wọn mọ́. (Alàgbà kan, Lafẹ́nwá)

Òfin àtijọ́ ni wọ́n fi sọ fún yín, Alàgbà. Lóòótọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024 wọ́n ti mú gbèdéke yẹn kúrò. Ọmọ ìlú wọn tó bá ti gbé ibẹ̀ rí tàbí tó ti forúkọ sílẹ̀ rí lè dìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn títí ayé rẹ̀. Àdúgbò tí ẹ gbé kẹ́yìn ni orúkọ yín yóò wà. Ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú nìkan, tí kò di ọmọ ìlú, kò sí nínú rẹ̀ o.

Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìwé ìbò tó ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, ìbò á ti parí kó tó dé Lafẹ́nwá. Ẹ yan aṣojú tó wà lọ́hùn-ún, tí òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kó bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì bi àwọn tó ń díje ní àdúgbò yẹn léèrè, nínú lẹ́tà tàbí íméèlì, ohun tí wọ́n máa ṣe nípa owó ìfẹ̀yìntì àwa tó wà lókè òkun kí ẹ tó sọ fún aṣojú yín ibi tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí. Ìforúkọsílẹ̀ yẹn kì í kọjá ọdún mẹ́ta kí ẹ tó tún un ṣe, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sára kàlẹ́ńdà.